Ohùn ni kí n kọ́kọ́ náwó lé, àbí àwòrán?

Ọmọ Ìjẹmọ:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá àti ẹ̀yin àlejò wa. Ilé tí mo ń kọ́ ní Ọbáńtókó ti parí, mo sì fẹ́ sọ pálọ̀ rẹ̀ di ibi tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì yóò ti máa wo fíìmù bí ẹni pé a wà ní ilé sinimá. Pálọ̀ náà gùn ní mítà 4.2, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, táìlì ni mo fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, páànù ni òrùlé pẹ̀lú POP lábẹ́, fèrèsé ńlá méjì sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Owó ọwọ́ mi kò lè ra ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n sì fara da ohùn inú rẹ̀ fún ọdún kan, àbí kí n ra sípíkà márùn-ún pẹ̀lú sọ́búwọ́fà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, kí n ṣì máa lo íǹṣì 43 tó wà nílẹ̀? Fíìmù ni mo fẹ́ máa wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Aláàárọ̀ Kútọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra tẹlifíṣọ̀n tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí lórí èyí tó ń pààrọ̀ ní ìgbà 60, bí agbábọ́ọ̀lù bá ti ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ gbàgbé sípíkà márùn-ún, ariwo èrò pápá kò nílò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹmọ:
O ṣeun, àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ mi pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Aláàárọ̀ Kútọ̀:
Bí gbogbo wa ṣe máa ń wí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, títí Super Eagles yóò fi wọ pápá.

Iná Dé:
Kí ẹ tó ra ohun tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ohun tó ń yọ àwòrán, ẹ ra ínfátà àti bátìrì tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Fólítì 230 ló yẹ kí iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti fi mítà wọn tèmi rí ní alẹ́, kò tó 170. Ámpílífáyà tó bá ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò ní dàgbà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ kí a tó dá ọmọ wa lóhùn. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àwọn Yorùbá sì wá fún un ní orúkọ tó bá ìṣe rẹ̀ mu: amóhùnmáwòrán. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ ó bá ohùn níwájú, ẹ ó bá àwòrán lẹ́yìn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé àwòrán tí kò lóhùn kò yàtọ̀ sí fọ́tò tí ń mira. Sípíkà ni kí ọmọ wa kọ́kọ́ rà.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Bàbá, mo kí yín o. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni a fẹ́ fi dájọ́, àwọn náà ló sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn kò sọ pé ìròyìn kò tó àfetígbọ́. Ojú ni kí ó náwó lé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìyá Bejì, ẹ̀rí ni òwe yẹn ń sọ, kò sọ̀rọ̀ kan fíìmù. Ìyá ìyàwó mi, tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn láti bí ọdún mẹ́rin, máa ń jókòó tì wá bí a bá ń wo fíìmù Yorùbá, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tó pa ọba nínú ìtàn náà. Ẹ pa ohùn fíìmù kan náà, kí ẹ máa wo ẹnu àwọn òṣèré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ọkọ ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ̀.

Alákìíyèsí:
Bàbá, olóyè tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún ọba ló máa ń pa á nínú gbogbo fíìmù bẹ́ẹ̀. Kò gba ojú, kò gba etí.

Wáyà Kò Já:
Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa so ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ́ ilé oníbàárà, láti Aṣeró títí dé Lafẹ́nwá, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n lo ìwọ̀n tí Ọmọ Ìjẹmọ fún wa. Bí àga rẹ̀ bá wà ní mítà 3 sí ògiri tẹlifíṣọ̀n, íǹṣì 43 rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi dígírì 18 péré níwájú ojú rẹ̀, íǹṣì 55 yóò sì gba nǹkan bíi 23. Àwọn onímọ̀ sinimá ń fẹ́ kí ó tó 30, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ 40. Kí íǹṣì 55 tó lè fún un ní 30, ó di dandan kí àga sún mọ́ ọn dé mítà 2.3. Ohun tí ẹni tó ń tà á kì í sọ ni pé, ní mítà 3 sí íǹṣì 55, ojú tó ń ríran dáadáa ò lè fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín àwòrán tí àmì tíntìntín rẹ̀ jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 àti ti 4K tó jẹ́ 3840 lọ́nà 2160. Àmì tíntìntín tí a fi ya àwòrán náà ti kéré jù fún ojú láti yà sọ́tọ̀ ní ọ̀nà jíjìn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìgbádùn 4K, kí ó ra èyí tó tóbi sí i tàbí kí ó sún mọ́ ọn.

Ní ti ohùn, tẹlifíṣọ̀n òde òní ti tẹ́ pẹlẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí sípíkà inú rẹ̀ ń kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ògiri ẹ̀yìn, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń bi ara yín pé, "Kí ló wí?" Nínú ohùn tí wọ́n ń pè ní 5.1, èyí tó jẹ́ sípíkà márùn-ún àti sọ́búwọ́fà kan, sípíkà àárín iwájú ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n kí o tó ra èyíkéyìí, ọmọ ìyá mi, tọ́jú ògiri àti ilẹ̀ pálọ̀ yẹn ná. Táìlì àti POP yóò máa gbá ohùn sí ara wọn ni. Tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn, fi kọ́tìnnì tó wúwo kọ́.

Olóhùn Ìtòkò:
Èmi kò rí ìdí tí ẹ fi ń rán ọmọ ẹlòmíràn lọ ra rọ́ọ̀gì. Kí ó lọ bá àwọn alẹ́yin ní ọjà, kí ó gba kíréètì ẹyin òfìfo, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí mo ṣe sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ mi láti 2013 nìyẹn. Ohùn kò jáde, ohùn kò wọlé.

Wáyà Kò Já:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kíréètì ẹyin kò lè dá ohùn dúró. Ìwé fúyẹ́fúyẹ́ ni. Ohun tó wúwo ló ń dá ohùn dúró, ohun tó rọ̀ tó sì nípọn ló ń gbé e mì, kíréètì kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gbogbo ohun tó lè ṣe kò ju pé kí ó tú ohùn tó tínínrín ká díẹ̀.

Olóhùn Ìtòkò:
Mo ti ń gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀ kí ìwọ tó mọ bí a ṣe ń bó ara wáyà.

Àbíkẹ́ Onísinimá:
N kò tíì ka gbogbo èsì tán, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ purojẹ́tọ̀. Íǹṣì 55 tí ẹ ń jà lé lórí, sẹ̀ǹtímítà 122 ni ó fẹ̀. Purojẹ́tọ̀ yóò tan íǹṣì 100 sára ògiri funfun, sẹ̀ǹtímítà 221 sì nìyẹn; bí ẹ bá jókòó ní mítà 3, dígírì 40 tí ẹ ń pariwo rẹ̀ ti dé. Sinimá ni ó ní òun fẹ́, kò ní òun fẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Wáyà Kò Já:
Ẹ̀yin ìyá wa, fèrèsé méjì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn wà nínú ọ̀rọ̀ tó kọ. Purojẹ́tọ̀ kò lè tan dúdú sára ògiri: bí ògiri yẹn bá ṣe dúdú tó nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dúdú inú fíìmù yóò ṣe rí. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọbáńtókó, ẹ̀kọ tútù ni àwọ̀ òru inú fíìmù yóò dà, bí kò bá ṣe pé kọ́tìnnì tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá wà níbẹ̀.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Kí ó ra àdìrẹ aláró tó dúdú dáadáa ní Ìtòkú, kí ó fi aṣọ dúdú mìíràn tẹ́ ẹ nínú, kọ́tìnnì dé. Mo ti rán méjì bẹ́ẹ̀ rí fún oníbàárà tó ń sùn ní ọ̀sán nítorí iṣẹ́ alẹ́.

Iná Dé:
Gílóòbù purojẹ́tọ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó tù ú, ooru náà yóò dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Mo tún un sọ: ÍNFÁTÀ NI KÍ Ó KỌ́KỌ́ RÀ.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Ẹ̀yin ọkùnrin ń ka dígírì, ẹ kò béèrè ibi tí àga wà. Nínú pálọ̀ tiwa, àga máa ń fara ti ògiri yí ká ni, kí àlejò lè máa rí ojú ara wọn, kí a sì rí ojú àárín fún tábìlì àti fún ọmọ tí yóò wá kúnlẹ̀ kí èèyàn. Bí ẹ bá wá to sípíkà márùn-ún yí orí ẹnì kan ṣoṣo ká, bàbá ilé nìkan ló wo fíìmù. Ẹni tó jókòó lábẹ́ sípíkà ẹ̀yìn, òjò, ìbọn àti ìró ẹsẹ̀ ni yóò máa gbọ́, kò ní gbọ́ ohun tí ọkọ ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ń ro ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń jókòó lórí ìlà kan ṣoṣo bí ọmọ ilé ìwé.

Wáyà Kò Já:
Òótọ́ ni ẹ sọ, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń to 5.1 ni pé kí sípíkà ọ̀tún àti ti òsì iwájú wà ní dígírì 30 sí àárín, kí méjì ẹ̀yìn sì wà láàárín dígírì 100 sí 120, gbogbo rẹ̀ láti orí ìjókòó kan náà. Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà ni pé kí wọ́n fa àga ńlá náà kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ máa ń kóra jọ sí ẹ̀bá ògiri, ẹni tó bá gbórí lé ibẹ̀ yóò máa gbọ́ "gbììì" dípò ìlù.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Kí a fa àga kúrò lára ògiri? Kí adìyẹ wá máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá?

Alákìíyèsí:
Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní sípíkà ẹ̀yìn.

Olóhùn Ìtòkò:
Wáyà, o ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ àga, o kò tíì dá mi lóhùn. Ṣé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi láti 2013?

Wáyà Kò Já:
N kò pe àgbà ní onírọ́. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn sọ́búwọ́fà tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju mítà 8 lọ, ìyẹn ni pé ó tó ìlọ́po méjì gígùn pálọ̀ Ọmọ Ìjẹmọ. Ẹ wá fi kíréètì tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà dúró dè é ní ẹ̀bá ògiri. Àgbá ni ẹ fi apẹ̀rẹ̀ bò.

Olóhùn Ìtòkò:
Ohùn kì í ṣe ànkárá tí a ń fi mítà wọ̀n. Àwọn aládùúgbò mi ni ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ẹjọ́ sùn mí rí.

Ará Ìsàlẹ̀ Ìtòkò:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. N kò mọ ohun tí ẹ ń bá bọ̀, ṣùgbọ́n mo rí Ìtòkò àti ìgbohùnsílẹ̀ ni mo fi dúró. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa, n kò sọ pé ti ẹ̀gbọ́n yìí ni o. Mo mọ gbogbo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí láti orí dé ìparí. Mo mọ ibi tí obìnrin agbèrin kejì ti máa ń ṣì í.

Alákìíyèsí:
Ẹ má pa mí o. Ẹlẹ́rìí ti dé láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ pè é.

Olóhùn Ìtòkò:
Ìyẹn kì í ṣe ilé iṣẹ́ mi. Ilẹ̀kùn tiwọn ni kì í dé.

Wáyà Kò Já:
Ilẹ̀kùn! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ojú ihò ilẹ̀kùn, fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a ń ṣí tí a ń pa, àti òkè àjà ni ohùn ń gbà sá jáde. Bí a bá lẹ kíréètì ẹgbẹ̀rún kan mọ́ ògiri tí a sì fi ihò tí ìka kan lè wọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, asẹ́ ni a fi ń pọn omi. Kì í ṣe àwọn aládùúgbò nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ìwé ni kíréètì. Bí wáyà bá ta sí i lára, yóò gbiná kí ẹ tó dìde.

Iná Dé:
Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Láti òkè dé ìsàlẹ̀, iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Aáyán náà ńkọ́? Ẹ fẹ́ kí obìnrin kó wọ ilé tuntun kí ó bá ibùgbé aáyán lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọmọ Ìjẹmọ, béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ kí o tó fetí sí ẹnikẹ́ni níbí.

Olóhùn Ìtòkò:
Mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ: KÍRÉÈTÌ ẸYIN ṢIṢẸ́. Ẹni tí kò bá gbà á, kí ó wá pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi, kí ó wá lọ pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ onítáìlì, kí ó sọ èyí tó ń dún gbàà-gbàà nínú méjèèjì.

Wáyà Kò Já:
Pípa ìró mọ́ra nínú yàrá yàtọ̀ sí dídá ohùn dúró kí ó má jáde. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ dì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Àtẹ́wọ́ jẹ́ ohùn tó tínínrín, mo sì ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kíréètì lè tú irú rẹ̀ ká díẹ̀. Ẹ lu gbẹ̀du nínú yàrá náà, ẹ̀gbọ́n, kí Ará Ìsàlẹ̀ Ìtòkò wá dá wa lóhùn.

Olóhùn Ìtòkò:
Ó ti gbà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á, ó ní kíréètì lè tú u ká.

Wáyà Kò Já:
Díẹ̀ ni mo sọ.

Olóhùn Ìtòkò:
Ó ti gbà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ohùn gẹ́gẹ́ bí aṣáájú àwòrán. Bí ọmọ wa bá ra sípíkà márùn-ún, àwọn fíìmù Yorùbá tó ń wò lórí YouTube yóò kún gbogbo pálọ̀ náà bí omi odò Ògùn.

Wáyà Kò Já:
Bàbá, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí mo ti fi dán ẹ̀rọ oníbàárà wò lórí YouTube, ohùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ̀rọ rìsífà, èyí tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, lè gbọ́n ọgbọ́n kan láti pín in sí márùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè fi òjò sí ẹ̀yìn yín bí ẹni tó ṣe fíìmù náà kò bá fi síbẹ̀. Fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀, sípíkà méjì tó dára lọ́nà òótọ́, tí a gbé kúrò lára ògiri, tí ibi tí ohùn tínínrín ń gbà jáde lára rẹ̀ sì wà ní déédéé etí ẹni tó jókòó, yóò fi ọwọ́ rọ́ márùn-ún olówó pọ́ọ́kú sẹ́yìn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Méjì tàbí márùn-ún, ohùn náà ni. Ohùn ló ṣáájú.

Àbíkẹ́ Onísinimá:
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé 4K kò hàn, ṣé ẹ ti yí ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n yín padà rí? Bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ tàbí láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti mú àwọ̀ rẹ̀ gbóná kí ó lè fa ojú oníbàárà mọ́ra lábẹ́ iná funfun, ìdí nìyẹn tí ojú òṣèré fi ń pọ́n bí epo. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Movie tàbí Cinema sí lórí rẹ̀, ẹ yàn án. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa ohun tó ń mú ìrìn àwòrán yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, nítorí àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ fíìmù. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi àwòrán tirẹ̀ há àárín rẹ̀, fíìmù olówó ńlá yóò dà bí eré tí wọ́n fi kámẹ́rà ìkómọ yà.

Aláàárọ̀ Kútọ̀:
Ẹ má pa á o. Ohun yẹn gan-an ló ń mú kí bọ́ọ̀lù rìn geere.

Àbíkẹ́ Onísinimá:
Fíìmù ni ó ní òun fẹ́ máa wò.

Aláàárọ̀ Kútọ̀:
A ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lókè.

Ọmọ Ìjẹmọ:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ ni n kò ṣe fèsì. Ìyàwó mi ti ka ọ̀rọ̀ kíréètì ẹyin, ó sì ní kí n kí Olóhùn Ìtòkò dáadáa. Ohun tí mo ṣì fẹ́ mọ̀ ni èwo ni kí n fi owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí rà ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni, bí mo bá ra sọ́búwọ́fà, ibo ni kí n gbé e sí?

Wáyà Kò Já:
Ti sọ́búwọ́fà rọrùn. Ohùn tó wà ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nrìrì 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ti ń bọ̀, nítorí náà kò di dandan kí ó wà níwájú. Gbé e sórí àga tí o máa ń jókòó sí, fi orin tí ìlù ńlá wà nínú rẹ̀ sí i, kí o wá rákò lórí ilẹ̀ yí pálọ̀ náà ká. Ibi tí ìlù náà bá ti dún ketekete, tí kò ṣe gbììì, tí kò sì sọnù, ibẹ̀ ni kí o gbé sọ́búwọ́fà sí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Kí baálé ilé máa rákò nínú pálọ̀ ara rẹ̀ nítorí fíìmù?

Alákìíyèsí:
Bàbá, ẹ fojú inú wo àlejò tó bá ṣílẹ̀kùn lákòókò náà. Yóò bá sọ́búwọ́fà lórí àga ọlá, yóò bá onílé nílẹ̀.

Ìyá Bejì Adígbẹ:
Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. N ó gbé kọ́tìnnì wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Olóhùn Ìtòkò:
Ká ní kíréètì ẹyin wà lára ògiri rẹ̀, kò ní rákò rárá.

Wáyà Kò Já:
Ẹ̀gbọ́n, ohùn ìsàlẹ̀ ni mo ń sọ, ohùn tí mo fi mítà 8 ṣàlàyé fún yín. Pálọ̀ tó gùn ní 4.2 ní ìró kan tó jẹ́ tirẹ̀ ní nǹkan bí ìgbọ̀nrìrì 41, yóò máa pariwo rẹ̀ ní ibì kan, yóò sì máa gbé e mì ní ibòmíràn. Ìwé kò lè wo àrùn náà sàn.

Olóhùn Ìtòkò:
Ìwọ ni o gbà pé ó ń tú u ká.

Ará Ìsàlẹ̀ Ìtòkò:
Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbohùnsílẹ̀ ti alẹ́ òní. Obìnrin yẹn tún ti ṣì í.

Iná Dé:
Ọmọ Ìjẹmọ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, má wo ariwo wọn. Òjò tó bá rọ̀ sórí páànù rẹ ní oṣù Keje yóò bo gbogbo ohùn wọ̀nyí mọ́lẹ̀, bí òjò bá sì ti ń ṣú ni wọ́n ń mú iná lọ. ÍNFÁTÀ. BÁTÌRÌ. Kí a tó máa sọ ohùn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ṣé ẹ rí i pé òun náà sọ̀rọ̀ ohùn, kò dárúkọ àwòrán?

Àbíkẹ́ Onísinimá:
Sítẹ́bíláísà nìkan tó fún purojẹ́tọ̀ tèmi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nǹkan tó ń jẹ owó mi ni déètà: Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù 4K lè jẹ tó gígábáìtì 7 láàárín wákàtí kan. Fíìmù wákàtí méjì, 14 lọ. Ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò yín, ẹ̀yin tí ẹ ń pe 4K bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹmọ:
Ẹ jọ̀wọ́, tẹlifíṣọ̀n ni àbí sípíkà?

Aláàárọ̀ Kútọ̀:
Tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà 120 ni kí ẹ rà.

Olóhùn Ìtòkò:
Wáyà, ọjọ́ Sátidé ni mo dá. Aago mẹ́rin. Gbé mítà tí o fi ń wọn ohùn wá sí ilé iṣẹ́ mi, kí a lẹ kíréètì, kí a sì ṣí i, kí gbogbo ayé rí nọ́ńbà tí yóò yọ.

Wáyà Kò Já:
Mo gbà. Ìta ilẹ̀kùn ni n ó ti wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe inú yàrá. Kí Ará Ìsàlẹ̀ Ìtòkò jọ̀wọ́ yọ̀ǹda ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún wa lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ará Ìsàlẹ̀ Ìtòkò:
Ẹnu ọ̀nà wa ṣí sílẹ̀. Ẹ sọ fún obìnrin náà kí ó wá.

Alágbàtà Panṣẹ́kẹ́:
Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí ni. Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 43 tí oníbéèrè ní òun ní, ṣé ó fẹ́ tà á?